Ẹni Tí Daddy Pè Wá Jẹun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ jiyàn, ẹ jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Moráyọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ò kú, kò sì kó kúrò ní Thamesmead nílùú ọba níbí; ìlẹ̀kùn rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi èyí tó máa ń pa fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kò rẹ òun. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ eegun inú rẹ̀.

Ìgbà ooru ni bàbá rẹ̀ wá kí i láti Abẹ́òkúta. Sùlèímọ́nù lorúkọ bàbá náà, Daddy ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Ọmọ ogun òfuurufú ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe pé wọ́n ń wa bàálù o. Ilẹ̀ ni wọ́n wà, ní Makurdi, tí wọ́n ń tún àwọn bàálù ogun tí ìjọba rà lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn bàálù yẹn, ọbẹ̀ ẹni á jóná lórí iná.

Ṣùgbọ́n kí ni Daddy rí nílùú ọba tí wọ́n wá? Fèrèsé ni. Moráyọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kẹ́rà, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lálẹ́, ó ń sun oorun rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìgbà kan tí Daddy dá jáde, wọ́n ṣìnà, ọlọ́pàá ló mú wọn padà wálé. Láti ọjọ́ náà, tí Moráyọ̀ bá ń lọ síbi iṣẹ́, á ti ìlẹ̀kùn látìta, á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní tóun bá ti yí kọ́kọ́rọ́ náà tán, òun á dúró díẹ̀, bóyá Daddy máa sọ nǹkan. Daddy kì í sọ nǹkan. Ó ń dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá a jókòó ti bàbá? Físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà, tí iṣẹ́ bá bọ́, àfi kó di ẹrù rẹ̀.

Ṣògo, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Belvedere, ló mú ìròyìn kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní olówó kan ti kó àwọn bàálù ogun àtijọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà jọ sórí pápá kan létí odò, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ó sì ti sọ ibẹ̀ di mùsíọ́mù. Kò sí òrùlé lórí wọn. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, àwọn èèyàn sì ń lọ wò wọ́n. Inú Moráyọ̀ dùn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Daddy máa padà sílé, òun ò sì níṣẹ́ ní Sátidé. Ó fẹ́ kí Daddy rí nǹkan kan tí wọ́n máa fi ròyìn lọ́hùn-ún, kí wọ́n má lọ sọ pé ọmọ àwọn so àwọn mọ́lé bí ewúrẹ́.

Ó dín àkàrà. Ó ra búrẹ́dì ní Woolwich. Ó po tíì sínú fúláàsì, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Oṣù kọkànlá ni, ọjọ́ náà ṣú dùdù láti àárọ̀. Ọmọkùnrin kan ló wà ní géètì, Lékan lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó wá kàwé, tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe sẹ̀kúríìtì. Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn báyìí, ó tẹrí ba fún Daddy. Ó ní àwọn nìkan ló wá lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa wò ó bó ṣe wù wọ́n, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú òun máa wá pè wọ́n. Ó ní tí òjò bá dé, kí wọ́n sá sínú hẹlikọ́pítà ńlá tó wà lẹ́yìn pátápátá, pé ìyẹn nìkan ni àwọn kì í ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn bàálù náà tò lọ sórí koríko. Ìràwọ̀ pupa ara wọn ti ṣí. Wọ́n fi tapólì bo ojú wọn, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ojú òkú. Kò sí afẹ́fẹ́. Odò ò dún. Ẹyẹ kan ò bà lé wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹyẹ odò yẹn, kò sí ibi tí wọn kì í bà lé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Daddy. Ẹ̀yìn wọn tó ti tẹ̀ nà ṣánṣán. Wọ́n ń ti ìdí ọ̀kan bọ́ sí ìdí òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ pa irin wọn lára, wọ́n ń kí wọn bí ẹni tó pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìsìnkú. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀kan tó jọ èyí tí wọ́n ń tún ṣe ní Makurdi, ẹ̀rín mú wọn. Wọ́n rántí òyìnbó Rọ́ṣíà kan tó wá kọ́ wọn níṣẹ́ nígbà náà. Daddy fẹ́ jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ kan, òyìnbó yìí ń kọjá lọ, Daddy ní kó wá jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Òyìnbó jókòó. Ó fọwọ́ méjèèjì kó o, ó jẹ ẹ̀bà tán, ó lá àwo. Ebi ni Daddy fi ṣiṣẹ́ dalẹ́. Moráyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rí bàbá òun báyẹn mọ́ látìgbà tí ìyá òun ti kú.

Ó wá bi wọ́n pé kí ló padà gbẹ̀yìn òyìnbó náà. Daddy ní ó bá awakọ̀ kan gòkè lọ dán bàálù wò lọ́jọ́ kan. Wọn ò rí i mọ́, wọn ò rí awakọ̀, wọn ò sì rí bàálù. Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sá lọ sínú hẹlikọ́pítà.

Inú rẹ̀ gùn, ó sì rí tóóró. Ìjókòó onírin wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí àwọn sójà fi ń kọjú síra wọn. Òórùn kẹrosín wà níbẹ̀, òórùn aṣọ tó tutù tí kò gbẹ sì wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ò dé ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Níbi tó ṣókùnkùn yẹn, ẹnì kan jókòó. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, ó dé fìlà awọ tó bo etí, ó dorí kodò. Àyà Moráyọ̀ já díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì tún balẹ̀. Ère ni. Gbogbo mùsíọ́mù ló máa ń wọṣọ fún ère.

Wọ́n jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà. Daddy gbé ike àkàrà lé itan, wọ́n ṣe bísímílà. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wo ìparí ibẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ wá jẹun o," ni Daddy wí.

"Daddy, ère nìyẹn."

"Ẹ̀kọ́ ilé ò mọ ère."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í retí pé kí ẹni tá a pè wá. Ẹni tá a pè á ní, "Á gba ibi ire," ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá la àwo níwájú èèyàn tí kò pè é, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni wọ́n máa bú. Ọgọ́rin ọdún ni Daddy fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹnu wọn ti sọ ọ́ kí ọkàn wọn tó mọ̀.

Wọ́n ń jẹun. Òjò ń lu irin òkè orí wọn. Ó pọ̀ débi pé wọn ò gbọ́ ara wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, òjò dá lójijì.

Ìró kan ṣẹ́kù. Ẹnì kan ń jẹun.

Moráyọ̀ wo ẹnu Daddy. Ẹnu Daddy ò mì. Tirẹ̀ náà ò mì. Ó rọra gbé ojú kúrò lára ike, ó rí orúnkún méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwọn, aṣọ eérú ló bò wọ́n. Ọkùnrin náà ti jókòó sí iwájú wọn. Moráyọ̀ ò rí ìgbà tó dìde. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá fẹ́ wo ojú rẹ̀, ojú òun á yọ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà funfun, ó hun jọ bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ lódò. Ó ń wọ inú ike. Ó ń jáde. Òtútù ń ti ara rẹ̀ jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí fírísà.

Moráyọ̀ fẹ́ pariwo. Daddy gbé ọwọ́ lé e lórí itan.

"Jókòó," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "A kì í dìde fi àlejò sílẹ̀ nídìí àwo."

Moráyọ̀ bi mí pé ṣé mo mọ ohun tó burú jù níbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ náà. Ike náà ni. Àkàrà tó wà níbẹ̀ ò dín. Ọkùnrin náà ń jẹ, ó ń jẹ, ike náà sì wà bó ṣe wà. Ìta ń ṣú. Moráyọ̀ gbọ́ tí Lékan ń pè wọ́n, pé wọ́n fẹ́ ti géètì, ṣùgbọ́n ohùn náà jìnnà, bíi pé láti òdìkejì odò ló ti ń bọ̀. Ó gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́. Ó fẹ́ dáhùn Lékan. Ẹnu rẹ̀ ò là. Ìlẹ̀kùn nìyí, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń rí koríko níta, kò sì lè dé ibẹ̀. Ó ní ẹ̀rù tó ba òun yẹn, òun ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé.

Nígbà tó ṣe, ọwọ́ náà dúró. Ọkùnrin náà nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó ki ọwọ́ bọ àyà aṣọ, ó mú nǹkan kan jáde tí wọ́n fi àkísà wé. Búrẹ́dì ni, ó dúdú bí èédú. Ó bù ú sí méjì. Ó na ìlàjì kan sí Daddy, ó na ìlàjì kejì sí Moráyọ̀.

Ẹnu Moráyọ̀ là fúnra rẹ̀. "Á gba ibi ire o," ló wí.

Ó ní kì í ṣe ọgbọ́n òun. Ohun tí wọ́n ti fi kọ́ òun láti kékeré ló jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ọkùnrin náà sì fa ọwọ́ kan sẹ́yìn. Moráyọ̀ dìde dúró, ó yíjú sí Daddy. Daddy ti tẹ́wọ́ méjèèjì.

"Daddy, ẹ má gbà á."

"Ó jẹ tèmi," ni Daddy wí. "Ẹni tó jẹ tèmi, ṣé kí n wá kọ tirẹ̀?"

Wọ́n fi sẹ́nu.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí Moráyọ̀ ń ṣe. Arúgbó tó sanra jù ú lọ, òun ló ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún, tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá. Daddy ò wúwo. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, ó gbé wọn. Wọn ò mì. Ó tún gbé wọn. Bíi pé wọ́n fi ṣúkúrù dè wọ́n mọ́ ìjókòó ni. Ó wá ń bẹ̀ wọ́n, ó ń sunkún, ó ní kí wọ́n dìde kí àwọn máa lọ sílé.

"Ibí ò burú, Moráyọ̀," ni Daddy wí. Wọn ò bínú. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì wọn. "Kò sẹ́ni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi níbí."

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé ọkàn. Ó fò sílẹ̀, ó sáré lọ pe Lékan.

Nígbà tí àwọn méjèèjì padà dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni kankan nínú hẹlikọ́pítà. Ike wà lórí ìjókòó. Ó ṣófo, ó mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Moráyọ̀ ń ké pé ère ìdí ibẹ̀ ńkọ́, ère ẹni tó wọ aṣọ eérú. Lékan tan tọ́ọ̀ṣì dé ìparí.

"Auntie, ère wo?" ló wí. "A ò ní ère kankan níbí."

Àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n kó ajá wá, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi sódò. Kámẹ́rà géètì fi hàn pé bàbá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé. Kò fi hàn pé bàbá náà jáde. Ògiri yí pápá náà ká, odò ló wà lẹ́yìn, wọ́n ní bóyá bàbá rìn wọ odò. Wọ́n tún wá sílé, wọ́n wo ìlẹ̀kùn, wọ́n bi Moráyọ̀ ní ìdí tó fi ń ti bàbá rẹ̀ mọ́lé lálẹ́. Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Bàálù Ọjọ́ Ajé gbéra, ìjókòó Daddy sì ṣófo nínú rẹ̀. Olúwaṣẹ́gun àbúrò rẹ̀ ń pè láti Abẹ́òkúta láàárọ̀, lálẹ́, ohun kan náà ló ń bi í: "Níbo lo gbé Daddy sí?" Àwọn ẹbí kan ti ń sọ ohun tó burú jùyẹn lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ta ni Moráyọ̀ máa sọ ọ́ fún tó máa gbà á gbọ́?

Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn rẹ̀: kó mú bàbá rẹ̀ jáde. Wọ́n ti mùsíọ́mù náà pa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tún ṣí i. Gbogbo Sátidé tí kò bá níṣẹ́, ó wà níbẹ̀. Lékan á ṣí géètì fún un. Á wọ inú hẹlikọ́pítà, á jókòó, á ṣí ike oúnjẹ. Á ní, "Daddy, ẹ wá jẹun." Ó ní tọkàntọkàn lòun fi ń pè wọ́n, kì í ṣe ti ẹnu. Òtútù kọjá, ìgbà ooru tún dé, ó tún lọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e lọ.

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, òjò ń rọ̀. Ó pe ìpè rẹ̀. Ó tẹ́tí. Nígbà tí òjò dá, ó rí i pé ẹnì kan ti wà níbi tó ṣókùnkùn yẹn. Kò rí ojú. Ọwọ́ kan nà jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ìlàjì búrẹ́dì dúdú wà nínú rẹ̀.

Ó rò pé ọkùnrin ọjọ́sí ni. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là láti sọ ohun tó gbà á lọ́jọ́ kìíní. Ó wá wo ọwọ́ náà dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ń gé èékánná rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí Daddy fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ ìka tó tẹ̀, ó mọ ojú àpá tí irin bàálù dá sí i.

Ó ní, "Daddy, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Ọwọ́ náà ò padà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì náà sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Tó bá kọ̀ ọ́, ọwọ́ náà á lọ, bóyá kò ní yọ mọ́ láéláé. Tó bá gbà á, ó mọ ibi tí ẹni tó jẹ ẹ́ ń gbé. Àlejò lè na nǹkan síni ká ní á gba ibi ire. Ta ló ń wí bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀? Ó kúnlẹ̀ lórí irin tútù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ó gbé búrẹ́dì náà lé orí tábìlì mi nínú ọ̀rá. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ó tutù, ó wúwo ju búrẹ́dì lọ. Mo ní kó lọ jù ú sódò. Mo ní kó gbé e lọ bá pásítọ̀. Ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó kọjá sí ilé rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti dáná, mo máa ń gbé díẹ̀ lọ fún un, kí n lè rí i pé ó jẹun.

Láàárọ̀ yìí mo bá a lórí àtẹ̀gùn, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní, "Moráyọ̀, búrẹ́dì yẹn ńkọ́?"

Ó ní kò bu, kò sì gbẹ. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú báàgì. Ó ní òun ò tíì jẹ ẹ́.